Ọkọ̀ Márùn-ún Péré Nínú Ẹrẹ̀ Kent

Nílé, bí ọ̀nà bá bàjẹ́, gómìnà la máa ń bú. Níbí, wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni. Wọn á wá ọ̀nà tó bàjẹ́ jù lọ ní gbogbo ìgbèríko, wọn á dúró de ìgbà òtútù kó lè bàjẹ́ sí i, wọn á wọ bàtà òjò, wọn á gbé jíìpù jáde, wọn á sì wọ inú ẹrẹ̀ lọ tìdùnnú-tìdùnnú. Bí ọkọ̀ bá rì, wọn á pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ Ọlọ́run ní Àkókó pé kí ọkọ̀ mi má rì, ìgbà tí mo dé ìlú òyìnbó ni mo tó mọ̀ pé eré ìdárayá ni mò ń ṣe látọjọ́ yìí.

Iṣẹ́ ìlera ni iṣẹ́ mi nílé. Èmi ni mo máa ń wa pikọ́ọ̀pù tó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé orí òkè, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí fíísà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó jáde, gbogbo ẹbí ló dúpẹ́. Wọ́n ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrẹ̀.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní London. Òtútù, wọ́n ti sọ fún mi. Ohun tí ẹnì kankan ò sọ ni pé oòrùn ibẹ̀ máa ń ṣe bí òṣìṣẹ́ ìjọba: á pẹ́ dé, á sì tètè lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo sinmi, mo sùn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà tí mo yọjú lójú fèrèsé yàrá mi ní Thamesmead, adágún omi tó wà níwájú ilé ti dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀. Mo pe màmá mi.

"Mọ́mì, ilẹ̀ ti ṣú."

"Ilẹ̀ ti ṣú kẹ̀? Oòrùn ṣì ń ta wá lára níbí. Ṣé kì í ṣe pé o sùn gbàgbé?"

Mo ní mi ò sùn gbàgbé. Wọ́n ní kí n ṣáà gbàdúrà.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣàánú mi ni Uncle Fẹ́mi, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich. Wọ́n rí mi lẹ́yìn ìsìn tí mò ń gbọ̀n, wọ́n fà mí lọ sọ́jà, wọ́n sì ra kóòtù kan fún mi tó tóbi débi pé mo lè fi èèyàn mìíràn pamọ́ sínú rẹ̀. Wọn ò bi mí bóyá ó wù mí. Wọ́n ní àwọn ò lè máa wo ọmọ Yorùbá kó máa gbọ̀n bí ẹyẹ tí òjò pa. Mo nífẹ̀ẹ́ Uncle Fẹ́mi, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní jíìpù dúdú kan tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Aginjù tó le jù tí jíìpù náà tíì là kọjá ni Plumstead High Street.

Lára àwọn tí mò ń tọ́jú ni Mr Dennis, bàbá òyìnbó kan tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tèmi. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tí mo ń fún un lóògùn, tí mo ń bá a jà lórí oúnjẹ. "Love" ló máa ń pè mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ku díẹ̀ kí n fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ọ́fíìsì, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà pè mí bẹ́ẹ̀, tí obìnrin tó ń ta ẹja náà pè mí bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ pọ̀ ní London. Ẹni tó máa kí èèyàn lórí àtẹ̀gùn ló ṣọ̀wọ́n.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, mo rí fọ́tò kan lára ògiri: òun àti jíìpù àtijọ́ kan, ẹrẹ̀ bo àwọn méjèèjì, òun sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún.

"Ta ló ṣe yín báyìí, sà?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní òun ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó máa ń wakọ̀ gba ọ̀nà igbó nígbà òtútù, kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún òun. Mo sọ fún un pé èmi náà ti wakọ̀ nínú irú ẹrẹ̀ yẹn, tí mo gbé abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn. Ó wò mí bí ìgbà tí ọmọdé bá ní òun rí erin nínú àpótí aṣọ.

Linda ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń darí ẹgbẹ́ náà báyìí. Nígbà tó wá kí bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, bàbá náà ní òun fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú, nínú jíìpù òun gan-an, tó wà ní gáréèjì lábẹ́ tapólì. Linda ní ta ló máa wà á? Òun fúnra òun ló máa wakọ̀ tó ṣáájú. Bàbá náà nawọ́ sí mi.

Linda wò mí láti gèlè dé sílípáàsì. Mi ò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó máa wo olùtọ́jú arúgbó tó mú aṣọ ìnura dání kó rí awakọ̀ orí òkè. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Jíìpù náà le lọ́wọ́ bí ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò lọ sọ́jà, jíà rẹ̀ ń ké, bíréèkì rẹ̀ ń ronú kó tó mú. Ó kúkú ṣe mí bíi pé mo padà sílé. Mo fi ẹ̀yìn gbé e jáde láàárín ògiri méjì láìfara kan èyíkéyìí. Mr Dennis fẹ́ pàtẹ́wọ́, ó gbàgbé pé ọ̀pá ìtilẹ̀ ló dì mú, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣubú.

Linda ṣètò pẹ̀lú ọ́fíìsì wa, wọ́n gbà pé kí n tẹ̀lé bàbá náà lọ. Ó wá sọ òfin fún mi.

"Ọkọ̀ márùn-ún péré. Nígbà òtútù, a kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ṣàlàyé. Ọ̀nà náà tóóró, kò síbi tí èèyàn ti lè yí ọkọ̀ padà. Ilẹ̀ rọ̀, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń gbẹ́ kòtò fún èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá há, gbogbo wa la há, ilẹ̀ ò sì ní dúró dè wá kó tó ṣú.

Mo mi orí pé mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì létí mi. Níbi tí mo ti wá, ọ̀pọ̀ èèyàn ni iyì. Bí o bá pe ẹni díẹ̀, wọ́n á ní kí lo fẹ́ fi pamọ́.

Linda ní, "Àyè ọkọ̀ kan ṣẹ́kù. Bóyá o ní ọ̀rẹ́ tó máa fẹ́ wá."

Kò mọ ohun tó sọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gbèrò àtiwá sí London ni mo ti ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá mi láàyè: àyè nínú ìlú, àyè níbi iṣẹ́, àyè nínú fìríìjì tí àwa ayálégbé jọ ń lò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa fi àyè lé èmi náà lọ́wọ́ pé kí n fún ẹni tó wù mí. Mo rìn lọ sílé bí olóyè.

Nígbà tí mo sọ fún Mọ́mì, wọn ò tiẹ̀ kọbi ara sí ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀. "Ìwọ nìkan? Láàárín òyìnbó? Nínú igbó? Ẹ̀rù ń bà mí o. Mú èèyàn wa dání."

Mo bá pe Uncle Fẹ́mi. Ta ni mo tún fẹ́ pè?

"Uncle, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní àyè fún o."

"Mo gbọ́."

"Ọkọ̀ kan, sà."

"Ọmọ yìí, mo ní mo gbọ́!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, yìnyín ti bo gbogbo ìgbèríko Kent. Níwájú ilé ọtí kan la ti pàdé: èmi àti Mr Dennis, tí mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé bí ọmọ tuntun, Linda, àti ọkùnrin méjì inú ẹgbẹ́ náà, olúkúlùkù nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ku Uncle Fẹ́mi. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ fèrè ọkọ̀. Jíìpù dúdú náà yọ, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú bíi ti ọkọ̀ gómìnà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Mo ti ń gbàdúrà nínú kí ẹ̀kẹrin tó yọ.

Auntie Bísí, ìyàwó Uncle Fẹ́mi, sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú kúlà ìrẹsì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ́ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń ya fọ́tò.

Mo ní, "Uncle, ẹ̀yin nìkan ni mo pè."

"Mo kàn mẹ́nu bà á lẹ́yìn ìsìn ni," ni wọ́n wí. "Ṣé kí n wá lé wọn ni?"

Linda rìn wá, ó rọra bi mí létí pé, "Àwọn èèyàn rẹ ni?"

Àwọn èèyàn mi. Lọ́jọ́ tí mo ń wá ẹni tó máa bá mi gbé àpótí gun àtẹ̀gùn, mi ò ní èèyàn kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n pọ̀ jù, èmi ni mo ni wọ́n. Linda ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀, torí pé èmi ni wọ́n máa gbọ́ tèmi. Àlejò ni obìnrin yẹn jẹ́ sí ọ̀rọ̀ àwọn Yorùbá pátápátá.

Mo dúró nínú yìnyín, nínú kóòtù tí Uncle Fẹ́mi fowó wọn rà, mo sì sọ fún Uncle Fẹ́mi pé ibẹ̀ ti kún. Mo ní kì í ṣe pé a ò fẹ́ wọn. Mo ní ètò ni. Mo ní ilẹ̀ ò lè gbà wá. Mo ní bóyá nígbà mìíràn, bí wọ́n bá tètè sọ fún wa. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn ara mi, ohùn pẹ̀lẹ́ tó tutù yẹn, ohùn tí mo ti ń gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa irú èmi. Èmi tí mi ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà dáadáa ni mo wá di aṣọ́bodè. Èèyàn máa ń tètè kọ́ iṣẹ́ nílùú òyìnbó.

Uncle Fẹ́mi wo igbó, wọ́n wò mí. "Wọ́n ṣe é fún wa ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n tún fẹ́ ṣe é fún wa nínú igbó?"

"Ọ̀nà náà ló tóóró, sà."

Wọ́n ní kò burú, àwọn nìkan ni wọ́n máa bá wa lọ, kí àwọn yòókù dúró síbẹ̀ kí wọ́n máa jẹ ìrẹsì. "A ti gbọ́," ni wọ́n fi parí ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́n mọ̀ pé gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́n.

Wọ́n gbàdúrà fún ìrìn àjò. Àwọn òyìnbó ṣí fìlà, wọ́n dúró. Ìgbà tí àdúrà máa fi dé orí àwọn ọ̀tá ilé bàbá wa, yìnyín ti ń kún orí wọn.

Linda ló ṣáájú, èmi tẹ̀ lé e, Uncle Fẹ́mi àti Auntie Bísí tẹ̀ lé mi, àwọn ọkùnrin méjèèjì gbẹ̀yìn. Ọ̀nà náà wọ inú igbó lọ láàárín ebè gíga méjì. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ẹrẹ̀ ń fọ́n sókè, táyà ń yọ̀, ọwọ́ mi rántí ohun gbogbo. Mr Dennis ń júwe: "Osì díẹ̀, love. Má tẹ bíréèkì." Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mò ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní láti kọ́ mi.

A ti jìnnà dáadáa nígbà tí Linda dúró. Igi ńlá kan ti wó dí ọ̀nà. Ó sọ lórí rédíò tí ẹgbẹ́ náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ pé kò sí wàhálà, ká rọra fi ẹ̀yìn rìn padà. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn pátápátá dá a lóhùn.

"Linda, mélòó ni wá?"

"Márùn-ún."

Ó tún wẹ̀yìn, ó kà á. "Mo rò pé a ti di mẹ́jọ."

Uncle Fẹ́mi ti pe àwọn yòókù lórí fóònù pé kí wọ́n máa tọ ipa táyà wa bọ̀. Wọ́n tọ̀ ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn, Brother Káyọ̀dé, gbọ́ pé ká padà, ó gbìyànjú láti yí ọkọ̀ níbi tí kò sí àyè àtiyí i. Ọkọ̀ náà yọ̀, ó wọ kòtò, ó sì dábùú ọ̀nà bí ọmọrí ìgò. Igi níwájú, Káyọ̀dé lẹ́yìn, gbogbo wa láàárín.

A dúró títí. Hítà jíìpù àtijọ́ náà ò ṣiṣẹ́ dáadáa, oòrùn sì ti ń múra ilé. Mr Dennis kọ́kọ́ ń ṣe yẹ̀yẹ́ wa. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó tutù bí irin. Mo bi í lórúkọ ọmọ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ lọ́. Mi ò nílò dókítà kó tó sọ fún mi ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí a bá pẹ́ níbẹ̀, bàbá náà máa bá òtútù lọ.

Mo ké sí Linda kó tẹ̀ lé mi, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi bàbá náà sọ́dọ̀ Auntie Bísí, mo rìn padà lẹ́bàá àwọn ọkọ̀. Níbi kòtò, alága pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ẹnì kan ní ká fà á, ẹnì kan ní ká tì í, ẹnì kan ń fi fóònù ya fídíò, Uncle Fẹ́mi dúró láàárín, wọ́n ń pàṣẹ fún gbogbo wọn.

"Uncle, ẹ dákẹ́!"

Ẹnu mi ló ti jáde. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà rí láyé mi.

Mo ní, "Bàbá kan ń kú lọ nínú ọkọ̀ mi. Linda nìkan ló máa sọ̀rọ̀. Èmi máa túmọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ tì!"

Wọ́n tì. Linda ti ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà, àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi èjìká gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń ké "Jésù!" ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e, àwọn òyìnbó méjèèjì náà sì ń ké e. Uncle Fẹ́mi wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ dé wọn ní orúnkún, wọn ò wí nǹkan kan. Ọkọ̀ náà jáde.

Nísinsìnyí òun ló sún mọ́ títì jù. Wọ́n gbé Mr Dennis kọjá gbogbo ọkọ̀ yòókù lọ́wọ́. Auntie Bísí jókòó sẹ́yìn, ó fà á mọ́ra sínú kóòtù tirẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Brother Káyọ̀dé ti tún jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní kó bọ́ sílẹ̀. Mo tan hítà dópin, mo wẹ̀yìn, mo sì fi ẹ̀yìn wa ọkọ̀ náà gba gbogbo ọ̀nà igbó yẹn jáde sí títì, kí n tó yí orí sí ilé ìwòsàn.

Bàbá náà yè. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà lórí oúnjẹ. Nígbà tí Linda dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, mo dìde kó lè bú mi. Kò bú mi. Ó ra tíì fún mi, ó jókòó tì mí. Ìyẹn burú ju èébú lọ.

Mo ròyìn fún Mọ́mì.

"O ní kí alàgbà dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n sì dákẹ́?"

"Wọ́n dákẹ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìlú òyìnbó."

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Uncle Fẹ́mi jáde láti jẹ́rìí. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló sọ fún àwọn pé kí àwọn má ṣe dá lọ. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tí àwọn kó dání, ta ni ì bá gbé ọkọ̀ nínú kòtò? Gbogbo ìjọ ké Halleluyah. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló gbé ọkọ̀ sínú kòtò. Wọ́n ní kí èmi náà wá sọ tèmi. Mo gba máíkì. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó tì. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ká ní a ò ju márùn-ún lọ ni, a kì bá tí ní ẹ̀rí kankan láti jẹ́. Ire nìyẹn náà."

Nínú gbogbo ìjọ, ẹni kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín, Auntie Bísí ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin.

Uncle Fẹ́mi ò dá mi lóhùn dáadáa fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa," wọ́n á kọjá. Mo gbà á. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo ti di òyìnbó. Lójú òyìnbó, mi ò tíì di nǹkan kan. Láàárín méjèèjì yìí ni mo ń gbé, owó ilé ibẹ̀ sì wọ́n.

Òtútù tún padà dé. Mr Dennis ní òun fẹ́ lọ. Linda ní kí n wá sọ́dọ̀ òun ká jọ yan àwọn tó máa wá. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, fóònù mi dún. Uncle Fẹ́mi ni. Wọ́n béèrè Mọ́mì, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ojú ọjọ́ ní Thamesmead, bí ẹni pé ìlú mìíràn ni Plumstead tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà wọ́n wúkọ́.

"Ìrìn àjò inú igbó yẹn. Ṣé... ṣé àyè wà?"

"Àyè wà fún ọkọ̀ kan, sà. Ẹ̀yin nìkan."

"Èmi nìkan?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà."

"Auntie yín ńkọ́?"

"Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ yín, sà."

Wọ́n tún wúkọ́. Wọ́n wá ní ó dáa, ká fi ìrìn àjò náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n gbàdúrà fún bàbá òyìnbó, wọ́n gbàdúrà fún táyà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀, wọ́n gbé ohùn sókè, wọ́n ní kí Olúwa mú ààlà wa gbòòrò, kó sọ díẹ̀ wa di púpọ̀.

Mo ṣe Àmín. Mi ò pariwo rẹ̀.